Iye Áńkárá ní Lómé àti Kùtọnù

Fàlílù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, pàápàá èyí tó ń hu eyín. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́. Wọ́n tún ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ kírun. Ọjà ń tà fún mi ní Ilo-Awela, torí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ò yé ṣí, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló sì ń ra áńkárá.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé rèé. Gbogbo ìgbà tó o bá fi áńkárá ránṣẹ́ láti Lómé, náírà tí ò ń gbà ń lé sí i. Mo sọ fún Màmá pé èrè lò ń jẹ lórí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Jabez, oníbàárà mi tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ra irú rẹ̀ bọ̀ láti Kùtọnù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà sẹ́fà ni, iye tó rà á lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn. Nígbà tí a ṣẹ́ ẹ sí náírà, iye tí o gbà lọ́wọ́ mi gẹ́lẹ́ ni! Ó ní sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Lómé àti Kùtọnù, kò sí pé à ń ṣẹ́njì owó. Ẹni tó bá gbówó lérí ní Lómé, oníbàárà á kọjá sí Kùtọnù. Náírà wa ló ń já wálẹ̀, ìwọ kọ́ lò ń bu owó lé ọjà.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Màmá. Má bínú sí mi.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Bá mi fi áńkárá márùn-ún aláwọ̀ búlúù ránṣẹ́. Èrè tí mo sọ pé ò ń jẹ yẹn, jọ̀wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kùdírátù