Lífítì Tuntun Tí Kò Mọ Bàbá Mi

Yàrá Kejì, Àjà Karùn-ún,
Ilé Alájà Mẹ́fà,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Alábòójútó Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Tó Ń Bójú Tó Ilé Gbígbé,
Iwájú Ilé Ìfìwéránṣẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

ÌFISÙN LÓRÍ LÍFÍTÌ ONÍTẸ̀KA ÀTI BÍ Ẹ ṢE MÚRA ÀWA AYÁLÉGBÉ SÍLẸ̀ DÈ É

1. Mo kọ́kọ́ kí yín kú iṣẹ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin náà sì kó o lóòótọ́. Kí lífítì tuntun tó dé, ẹ fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní fìlà pupa tí ẹ kọ "Ọ̀la Ti Dé" sí. Tiwa wọ Bàbá mi lórí rẹ́gí.

2. Ẹ tún pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ ní àwọn àgbàlagbà gan-an ni kò gbọdọ̀ má wá. Ìsàlẹ̀ ilé ni ẹ ti ṣe é, lọ́jọ́ tí ẹ ti lífítì àtijọ́ pa. Ìyá tó ń fi ọ̀pá rìn lókè wa ti sọ̀kalẹ̀ dé àjà kẹta kí ẹ tó túká. Ẹ kú làákàyè.

3. Iṣẹ́ bíríkìlà ni Bàbá mi fi tọ́ wa. Bíríkì àti sìmẹ́ńtì ti ha ìlà inú ìka rẹ̀ dànù. Òṣìṣẹ́ yín tó wá gba ìtẹ̀ka tí lífítì yóò fi máa dá wa mọ̀ ní kó lọ fọwọ́. Bàbá fọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ ní kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bàbá tún fọ̀ ọ́. Nígbẹ̀yìn, òṣìṣẹ́ yín ní ẹ̀rọ kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ pé èmi ṣì ń rí i.

Kí ẹ má baà ní kí n fi ìka tèmi gbé e: ìka kan, ènìyàn kan, lòfin yín. Bí ẹni méjì bá wọlé lórí ìka kan, lífítì á dúró, á máa han. Mo wá fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì yín. Wọ́n tọ́ka ẹ̀rọ ìfisùn sí mi. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ìtẹ̀ka Bàbá.

4. Kíndìnrín Bàbá mi ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, dókítà sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ pa á jẹ. Èmi àti àbúrò mi là ń fi àga gbé e sọ̀kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ àbúrò mi yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀ ló kù kí àwọn méjèèjì ṣubú. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ní òun ò lọ mọ́. Ó ní òun ti lo ayé òun, kí a má pa ara wa nítorí òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn.

5. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá bọ́tìnnì lásán padà sára lífítì yẹn, kódà kó jẹ́ ẹyọ kan. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ ká tún lọ. Bí kò bá ní ṣeé ṣe kó tó dìgbà náà, ẹ fi ẹni méjì tó lágbára ránṣẹ́ láàárọ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín sì tẹ̀ lé wọn wá. Kì í ṣe àga ni mo fẹ́ kí ẹ gbé, Ọ̀gá. Ẹ wá bá mi bẹ Bàbá kó jẹ́ ká gbé òun. Ó ti kọ̀ fún èmi.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín tí ń retí yín lókè,
Aránṣọ Àjà Karùn-ún,
Àkọ́bí Bíríkìlà.