Ẹ Má Tíì Fún Ẹlòmíràn Ní Nọ́ńbà Ọkọ Mi

Ojúlé Kẹrìndínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Omi.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Ìwé Àṣẹ Rédíò,
Àjà Kejì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

LẸ́TÀ MẸ́TA TÓ TAKO ARA WỌN, ÀTI BÀLÚÙNÙ ỌKỌ MI TÓ ṢÌ WÀ LÓKÈ

1. Télọ̀ ni mí. Aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n gé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rédíò. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ yín kọ sí ilé wa láàárín oṣù kan, mo sì ti kà wọ́n títí, n kò mọ orí, n kò mọ ìdí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tú u.

2. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ọkọ mi, tí àdúgbò ń pè ní Bàbá Wòkè, ti ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà tí ẹ fún un ni ó fi ń dárúkọ ara rẹ̀ lórí rédíò. Ohun tó fẹ́ràn jù ni kí ó fi ọ̀rá lẹ bàlúùnù, kí ó so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn nídìí, kí ó sì fi í sílẹ̀ kó gòkè. Oòrùn ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ níbi tó bá wà, á dárúkọ nọ́ńbà ọkọ mi lórí rédíò, á sọ bó ti ga tó àti ibi tó dé. Àwọn olórédíò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n bá gbọ́ ọ á fi í ránṣẹ́, a ó sì rí i lójú kọ̀ǹpútà.

3. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, ó gbàṣẹ lọ́wọ́ yín láti fi ọ̀kan sókè ní pápá ilé-ìwé. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé yóò bẹ́ lókè, yóò sì já bọ́ kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù. Kò bẹ́. Kò já bọ́. Lẹ́tà yín àkọ́kọ́ ní ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra, nítorí èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Ìgò omi kékeré kan ni ó máa ń so mọ́ ẹnu bàlúùnù láti mọ ìgbà tí gáàsì tí wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀ bá tó: bí bàlúùnù bá ti gbé ìgò náà nílẹ̀, ó tó nìyẹn. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Mo rí omi nínú ìgò, mo mu nínú rẹ̀. Ìgò fúyẹ́, gáàsì kò pé, bàlúùnù rọra gòkè, ó dé ibì kan, kò wú débi tí yóò fi bẹ́, ó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà, tó ń jó irin pọ̀, tó bá a di okùn mú lọ́jọ́ náà, ló là á yé mi lẹ́yìn ìsìnkú. Ọkọ mi kò mọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi ń ṣírò sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, á pa á rẹ́, á tún un kọ, á wá bi mí pé níbo gan-an ni òun ti ṣì í. Mo ní kó wá jẹun.

4. Ó jáde láyé ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà. Àyà rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Bàlúùnù kò gbọ́. Ó ti yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Mo gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnì ìránṣọ mi, àwọn oníbàárà tó bá wá wọn aṣọ á sì kọ́kọ́ bi mí pé níbo ni Bàbá Wòkè wà lónìí. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Lánàá, orí òkun ni.

5. Lẹ́tà kìíní ní kí ọkọ mi wá fúnra rẹ̀. Mo mú ìwé ẹ̀rí ikú wá sí fèrèsé kẹta. Akọ̀wé tó wọ awò ojú níbẹ̀ kí mi kú ará fẹ́ra kù, ó bá mi kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó wá ní ẹni tó ni ìwé àṣẹ nìkan ló lè buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí wọn yóò fi pa fáìlì náà dé. Mo bi í bóyá ó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

6. Lẹ́tà kejì ní ọkọ mi ti kú, nítorí náà ẹ ti gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ó sì gbé e fún ẹlòmíràn ní ìparí oṣù yìí. Ọjọ́ kejì ni lẹ́tà kẹta dé. Ọkọ mi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó ní kí ó gbé bàlúùnù náà sọ̀kalẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó pè é lẹ́jọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ọwọ́ ta ni yóò tó o, ẹ̀yin Ọ̀gá? Àkàbà kan ṣoṣo tí mo ní kò ju èyí tí mo fi ń kọ́ kọ́tìnnì lọ.

7. Ti ẹlòmíràn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹnìkan bá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ tó ń fi nọ́ńbà yìí sọ̀rọ̀, n kò ní mọ èyí tí í ṣe ti ọkọ mi mọ́ nígbà tó bá jáde lójú kọ̀ǹpútà. N kò sọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀ títí ayé. Wẹ́dà ní bó pẹ́ bó yá, oòrùn yóò jẹ ọ̀rá náà. Bó bá ti dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, èmi fúnra mi yóò mú ìwé àṣẹ náà wá bá yín.

8. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi mú ọ̀kan. Bí ọkọ mi bá ti kú nínú ìwé yín, ẹ yé ránṣẹ́ pè é. Bó bá sì ṣì wà láàyè níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé,

Ìyàwó Bàbá Wòkè,
Télọ̀.