Ẹ̀rọ Yín Ló Sọ Àlàárì Di Ẹ̀tù

Ẹgbẹ́ Ahunṣọ Ìrẹ́pọ̀,
Ilé Àríyọ̀,
Ìṣẹ́yìn.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdàgbàsókè Aṣọ Òkè,
Ìṣẹ́yìn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀SÙNKÀN LÓRÍ Ẹ̀RỌ TÓ Ń YÍ ÀWỌ̀ PADÀ, ÀTI ORÚKỌ WA TÍ Ẹ YỌ

1. Ìdì òwú mẹ́rìnlélógún ni a rà fún iṣẹ́ kẹtàdínlógún tí ẹ gbé fún wa. Mọ́kànlélógún ti wọnú aṣọ tí àwọn tó ni iṣẹ́ náà kò gbà. Mẹ́ta ló kù. Ahunṣọ mẹ́fà fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún jókòó ti òfì. Èrè wa ni ìwé yín pé ẹ ti yọ orúkọ ẹgbẹ́ wa, nítorí pé a kò mọ pupa yàtọ̀ sí aró. Ọdún mọ́kànlélógójì ni bàbá mi fi hun àlàárì.

2. Ìdílé Ọdẹ́wùmí ní Ago-Amodu fẹ́ irú àlàárì pupa ìyá wọn tó ti gbó. Òṣìṣẹ́ yín ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tí ẹ fún wa. Kò kọ orúkọ aṣọ sí i. Òfin yín ni pé ohun tí a bá rí lójú ẹ̀rọ ni kí a hun. Ẹ̀tù aláwọ̀ aró ni a rí. Ẹ̀tù ni a hun.

3. Ìyáàfin Ọmọ́bọ́lá, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣakí, ló rí àṣìṣe náà. Àmì tóótó kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán ní nọ́ńbà àwọ̀ mẹ́ta: ti pupa, ti ewé, ti aró. Ti àlàárì náà jẹ́ 130, 20, 40. Ṣùgbọ́n ètò tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ yín, tí wọ́n ń pè ní dírafà, ń kà wọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú. 40 bọ́ sípò pupa, 130 bọ́ sípò aró. 20 tó wà láàárín kò yẹsẹ̀.

4. Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́jọbí, òṣìṣẹ́ yín, sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé òun ti dán ẹ̀rọ náà wò, kí àwa lọ ra awò ojú. Kí ló fi dán an wò? Àsíá Nàìjíríà! Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta funfun dọ́gba; bí a bá kà á síwá sẹ́yìn, funfun ni. Nọ́ńbà ewé kì í sì í kúrò láàárín. Ẹni tó fi ewé àti funfun yẹ pupa wò kò yẹ nǹkan kan wò.

5. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni ẹ ó pín iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, a bẹ̀ yín, ẹ gbé àlàárì ìyá Ọdẹ́wùmí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ yín, níṣojú wa, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún ìdílé náà pé ahunṣọ kò ṣì í, kí ẹ sì dá orúkọ wa padà síbi tí ẹ ti yọ ọ́.

Ẹ ṣeun.

Èmi tí mo ń retí èsì yín,

Ṣùkúrù Fábíyìí
Akọ̀wé Ẹgbẹ́