Àmì Tí Mo Yọ Kúrò Lórí Ọkọ̀

Ọ̀rẹ́ mi Pẹ́lẹ́ńgẹ́,

Mo kí ọ tọkàntọkàn, mo kí baálé rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí iṣẹ́ má sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù. Ara tèmi le, àmọ́ ojú ń tì mí. Ìwé mẹ́ta ni mo ti kọ tí mo fà ya kí n tó kọ èyí. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé èmi tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ìyá Kọ̀ǹpútà ló fi bírò kọ̀wé, tí mo tún ní kí aládùúgbò wa tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún lọ́la bá mi mú un wá. Bí o bá kà á tán, wàá mọ ìdí rẹ̀.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí o ti ń pe Màmá rẹ tí wọn ò gbé e. Ara wọn yá, má foyà. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ò ń kó kúrò ládùúgbò, o dì mí mú nínú pálọ̀ yín, o ní, "Ojú tí mo fi ń wo Màmá ni kó o máa bá mi fi wò wọ́n." Mo ní kó o fọkàn balẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

O mọ iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì: èmi ni mo ń tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn, èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri, èmi náà ni mo ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìjọ. Oṣù tó kọjá ni ìjọ ní ọkọ̀ kékeré kan tí yóò máa lọ gbé àwọn àgbàlagbà wá sí ìsìn, wọ́n sì ní kí n wá áàpù tí yóò máa sọ fún wọn bí ọkọ̀ bá ti dé. Méjì ni mo rí. Èkíní ń gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá bó ṣe yẹ, tòun ti àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, àmọ́ ó ń lọ́ra, ó sì máa ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì. Èkejì yá, ó rẹwà lójú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wàá tẹ̀ ẹ́ tí yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Àléébù rẹ̀ kan ni pé gbogbo àmì ló ń já dànù lójú ọ̀nà.

Akọ̀wé ìjọ, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, yọ dígí ojú wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Sà, ta ló ń wo àmì láyé ìsinsìnyí? Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n kà." Ìgbéraga ni mo fi sọ ọ́, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀lẹ ń ṣe mí láti máa tẹ àmì.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aago méjì ọ̀sán, mo fẹ́ dán áàpù náà wò. Nọ́ńbà tèmi nìkan ló yẹ kí n fi ránṣẹ́ sí. Ibi tí kò yẹ kí n tẹ̀ ni mo tẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ náà sì lọ bá gbogbo àwọn àgbàlagbà, èèyàn méjìlélógójì. Ohun tí mo kọ ni, "Ọkọ̀ yín ti dé. Ẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kó dúró pẹ́." Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni, "Oko yin ti de. E jade si enu ona, e ma je ko duro pe."

Bàbá kan pè mí, wọ́n béèrè bóyá ìsìn wà lónìí. Ìyá kan ní òun ò ní oko rí, báwo loko ṣe wá dé? A jọ rẹ́rìn-ín ni. Ẹni méje ló pè, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn méjèèje. Ó yẹ kí n kọ òmíràn sí gbogbo wọn pé àṣìṣe ni, àmọ́ mi ò kọ ọ́. Mo rò pé bí mo bá kọ ọ́, pásítọ̀ á gbọ́ pé áàpù tí mo ń fi yangàn ti tàsé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ ń tún wáyà so.

Màmá ò pè. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí a kéde ọkọ̀ náà, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìjọ ní ọkọ̀. Ṣé o ti mọ bí wọ́n ṣe kà á? Ọkọ yín ti dé. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn tí bàbá rẹ jáde pé àwọn ń lọ síbi iṣẹ́, tí wọn ò padà wálé mọ́.

Bí mo ṣe ń lọ sílé ní nǹkan bí aago márùn-ún, mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà yín. Wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n rán fúnra wọn lọ́jọ́sí tí wọn ò wọ̀ rí, wọ́n sì fi pàúdà sójú. Àga méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí ọ̀kan. Onídìrí òdìkejì àtàwọn oníbàárà rẹ̀ ti kóra jọ sójú fèrèsé. Màmá ní, "Ìwọ tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ibo ló wà? Ṣé pásítọ̀ ló ṣì dá a dúró?" Mo ní, "Ta ni, Màmá?" Wọ́n na fóònù sí mi. Mo kà á, àtẹ̀jíṣẹ́ mi ni.

Mo parọ́. Mo ní ọkọ̀ ìjọ ló yẹ kó jẹ́, pé nẹ́tíwọ̀kì ló da ọ̀rọ̀ rú, mi ò sì sọ pé ọwọ́ mi ni. Wọ́n gbé àga kan wọlé, wọ́n padà wá gbé èkejì. Mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti ṣí máṣìnnì ìránṣọ, aṣọ oníbàárà ń gba eruku. Bí wọ́n bá yọjú, onídìrí á ní, "Màmá, ọkọ dà?" Àwọn tó ń dirun á bú sẹ́rìn-ín.

O mọ ohun tí Màmá máa ń sọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò: bí ọkùnrin yẹn bá fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà yìí, omi ìfọṣọ ni àwọn á fi kí i káàbọ̀. Ìwọ náà máa ń dáhùn pé wàá bá wọn gbé báfù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn bo ohun tó wà nínú wọn, èmi ni mo wá ṣí i sójú gbogbo ayé.

Nígbà tó di Sátidé, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Mo sọ gbogbo rẹ̀: áàpù, ìkìlọ̀ akọ̀wé, ọ̀lẹ mi, irọ́ tí mo pa. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n lé mi jáde. Wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "'Kó dúró' ni mo rí, kì í ṣe 'kí wọ́n dúró'. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ ò bọ̀wọ̀ fún un. Mo ní ó tọ́ sí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Omi ìfọṣọ wà nínú báfù lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Òun ni mo kọ́kọ́ lọ dà nù, kó má baà ta sí i lára."

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́, pé ọkọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dirun wá ní, "Wọ́n sì múra dè é?"

Ó ku ohun kan. Kí n tó dìde lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, Màmá ní, "Ìwọ àti ọmọ mi kì í fi nǹkan pa mọ́ fún ara yín. Ṣé ó mọ ibi tí bàbá ẹ̀ wà?" Mo ní mi ò mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi, o ti sọ fún mi látọdún tó kọjá pé bàbá rẹ ń pè ọ́, pé wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n wá, pé o ní kí wọ́n má dán an wò torí Màmá ò fẹ́ gbọ́ ohùn wọn. O ò parọ́. Ohun tí Màmá ń fi ẹnu sọ náà lo sọ fún wọn. Mi ò mọ̀ bóyá Màmá fẹ́ kí bàbá rẹ padà wálé, àbí wọ́n kàn fẹ́ sọ tẹnu wọn fún bàbá rẹ lójúkojú. Ìyẹn wà lọ́wọ́ Màmá, kò sí lọ́wọ́ èmi tàbí ìwọ. Mi ò ní tú àṣírí rẹ. Ṣùgbọ́n irọ́ méjì ni mo ti pa fún Màmá láàárín ọjọ́ mẹ́rin, wọn yóò sì tún béèrè. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn kí n tó pa ẹ̀kẹta. Bí wọn ò bá gbé ìpè rẹ, pè mí, màá gbé fóònù tèmi lọ bá wọn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ bí ojú ṣe ń ti ọ̀rẹ́ rẹ yìí. Yóò dá ọ sí, yóò dá àwọn ọmọ sí, ilé rẹ kò ní dàrú. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tó já ọ kulẹ̀, tó sì ń bẹ̀ ọ́,

Ìyá Kọ̀ǹpútà.

Mo tún rántí: Mo ti padà sí áàpù tó ń lọ́ra. Akọ̀wé ìjọ ní kí n dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kà á sí èyí tí a kì í dárúkọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ bá Màmá pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́ lórí fóònù wọn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀, kò dí àwọn lọ́wọ́.