Agbọ̀n Obì Létí Adágún

Ọjọ́rú, 6 Ògọ́ọ̀sì
Ó ku ọjọ́ méjì! Ọdún kẹsàn-án rèé tí àwa mẹ́rin ń lọ pàgọ́ létí adágún tó wà lẹ́yìn Ìsarà. Èmi, Olúkẹ́mi, Tíṣà (Dámisọ́lá ni, ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní Ìpẹ̀rú), àti Aláriwo — Yúnúsà, tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ wọn ní Ogijo ti sọ di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Màámi ò yé fi wá ṣẹ̀fẹ̀: ẹni tó nílé tó lọ sùn nígbó, ṣé orí ẹ̀ pé?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi rèé. Màámi ní ó ti rẹ òun. Agbọ̀n obì méje tó ń lọ bá Àlájì oníbàárà wa ní Kánò, èmi nìkan ni kí n dì í. Bó bá yọrí sí rere, ṣọ́ọ̀bù obì rẹ̀ di tèmi. Bí mo bá bà á jẹ́, Ṣẹ̀rífù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa gbà á. Ṣẹ̀rífù! Tí kò mọ obì tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kòkòrò ti jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 7 Ògọ́ọ̀sì
Mo dì í tán. Gbànja tó ń dán, ewé gbòdògì tútù nísàlẹ̀, yíká àti lókè, mo wá fi abẹ́rẹ́ ńlá rán àpò bò ó. Bí mo ṣe ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, mo kó àgọ́ wa, ìkòkò àti àwo sínú agbọ̀n kan tó ṣófo, mo rán àpò bo òun náà. Ọwọ́ ti mọ́ ọn. Tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ń ro mí, inú mi sì dùn.

Jímọ̀, 8 Ògọ́ọ̀sì
Àwọn alábàárù ti kó ti Kánò lọ kí n tó kírun tán. Agbọ̀n kan ló kù, mo ní tiwa ni. A gbé e dé Ìsarà. Aláriwo fi ọ̀bẹ ya àpò orí ẹ̀ — ewé gbòdògì. Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé náà.

Obì Àlájì! Àgọ́ wa àti ìkòkò Olúkẹ́mi wà nínú tírélà, wọ́n ń lọ sí Kánò.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Tíṣà fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Aláriwo ní kí n di ẹ̀bi ru àwọn alábàárù: ṣebí àwọn ló gbé e. Ó dùn ún gbọ́ létí o. Ahéré àbúrò bàbá Tíṣà la wọ̀ sí. Ẹja sísun la jẹ, torí kò síkòkò.

Sátidé, 9 Ògọ́ọ̀sì
Màámi pè: ṣé ẹ bá ẹrù yín pé? Mo ní ó pé pérépéré. Ahọ́n mi!

Sọ́ńdè, 10 Ògọ́ọ̀sì
Ewé orí obì ti ń gbẹ. Obì kì í fẹ́ ooru. Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, mo tú gbogbo ẹ̀ jáde, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó, a ń ṣà á. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń fi èékánná wá ihò kòkòrò. Tíṣà ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń máàkì ìdánwò. Aláriwo jẹ mẹ́rin, oorun di ìtàn. A wọ igbó lọ já ewé tuntun, a sì fi tún obì náà dì, orin lẹ́nu wa. Ká sòótọ́, mi ò gbádùn ibí yìí tó báyìí rí. Ṣùgbọ́n irọ́ àná há mi lọ́fun bí eegun ẹja.

Mọ́ńdè, 11 Ògọ́ọ̀sì
Mo pè é. Mo ní, Màámi, irọ́ ni mo pa fún yín. Èmi ni mo ṣì í, kì í ṣe àwọn alábàárù. Obì wà lọ́dọ̀ wa. Ó gé fóònù.

Ṣẹ̀rífù ti jogún.

Túsìdeè, 12 Ògọ́ọ̀sì
Màámi dé! Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, pẹ̀lú ìborùn funfun. A kúnlẹ̀, Aláriwo dọ̀bálẹ̀. Ó lọ tààrà sídìí agbọ̀n, ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó mú obì kan, ó fi èékánná họ ọ́, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó béèrè ẹni tó já ewé. Tíṣà ní, "Àwa ni, mà." Ó ní ewé náà dára.

Ìgbà náà ló wò mí. "Kareemat, ìgbà wo ni obì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbangan-gbangan nínú agbọ̀n?"

Ó wà lójú fèrèsé láàárọ̀ Jímọ̀. Ó gbọ́ ìkòkò wa nígbà tí wọ́n ń gbé e sọ́kọ̀, ó sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ! Ó pe Àlájì lọ́jọ́ náà gan-an, ó ṣàlàyé fún un. "Dídì obì, ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ. Ohun tí wàá ṣe tó o bá ṣì í ni mo fẹ́ mọ̀. Mo bi ọ́ ní Sátidé, o parọ́. Mo ti ní kí Ṣẹ̀rífù máa bọ̀. Àná tó o sọ òótọ́ ni mo tún pè é pé kó jókòó sílé ẹ̀."

Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n má fi omijé ba obì jẹ́.

Ó ní Márúwá ń dúró, tírélà mìíràn máa ṣí nírọ̀lẹ́, kí n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Lọ́la! Ó ku odindi ọjọ́ mẹ́rin tí à bá lò níbí. Mo ní, ẹ̀yin ńkọ́, Màámi? Ó ti ń bọ́ bàtà.

"Èmi kẹ̀? Mo ti fẹ̀yìntì."

Inú Márúwá ni mo ti ń kọ èyí, agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, omi ti dé orúnkún Màámi, Aláriwo ń kọ́ ọ bí a ṣe ń ju ìwọ̀. Kò tiẹ̀ juwọ́ sí mi.