Ọkọ̀ Tí Kì Í Wúkọ́ Lọ́dọ̀ Mẹkáníìkì

Ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé alájà púpọ̀ yẹn, tí o ní ẹ kì í kí ara yín. Ara mi le, àfi orúnkún, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn tuntun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tì ọ́ bó ṣe ń tì mí lọ́wọ́ báyìí. Àdúrà tí mo rí gbà lónìí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ, ọkọ̀ pupa pẹlẹbẹ oníjókòó méjì tí bàbá àgbà rẹ fi sílẹ̀ fún ọ, èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí èèyàn ń jókòó nínú rẹ̀ bí ẹni jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. O ní kí Awakọ̀ Àgbà, aládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, máa wà á jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa dì, kó máa fi gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe. Tá a bá gbéra nílé, ohùn rẹ̀ á dán, a ò ní tíì dé ìdajì ọ̀nà tí á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí èéfín dúdú á máa tú jáde nídìí rẹ̀, tí epo á máa rùn débi pé dókítà bi mí bóyá mo ti ń ta epo bẹntiróòlù. Ìwọ náà rántí ọjọ́ tí mo gbé fóònù sẹ́nu páìpù èéfín kí o lè gbọ́ ọ. Fóònù náà ò tíì gbádùn láti ìgbà yẹn, mo rò pé èéfín há a lọ́fun.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní epo ń pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ò tó. Ó tú kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, sórí aṣọ funfun, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, ó wà á yí àdúgbò ká, kò wúkọ́. Mo wọ̀ ọ́ ká máa lọ sílé, ó wúkọ́. A tún padà. Ó yẹ wáyà iná wò, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Tó bá dá wà á, ohùn á dán. Tí mo bá wọ̀ ọ́, ó tún dé. Awakọ̀ Àgbà ní bóyá mo wúwo jù. Èmi ronú tèmi, mo ní mẹkáníìkì yìí ní ẹ̀yà tó dáa kan tó ń fi sí i tó bá fẹ́ dán an wò, tó sì ń yọ tá a bá ń lọ. Mo bá a wí díẹ̀ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pè ọ́, tí o ní kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹkáníìkì wá sílé fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n kàn wọ ọkọ̀ bí mo ṣe máa ń wọ̀ ọ́, kí n má fo nǹkan kan. Mo jókòó, mo tún ìró ṣe, mo fa kókó dúdú kékeré tó wà níwájú síta kí ọrùn rẹ̀ lè yọ, mo gbé báàgì mi kọ́ ọ. Ó bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní ibi ìkọ́ báàgì ni, pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọyì obìnrin. Mo ní tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ mo máa ń tì í padà, torí mi ò fẹ́ wúruwùru.

Kò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi. Ó ní ṣóòkù ni wọ́n ń pè é, pé àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni wọ́n ń fà á, kí afẹ́fẹ́ lè dín kù kí epo sì pọ̀. Tó bá ti gbóná tí wọn ò tì í padà, epo á pá a lórí. Báàgì mi ló bò ó tí Awakọ̀ Àgbà ò fi rí i. Ojú tiẹ̀ náà ò kúkú rí ju títì lọ.

Mo lọ sí ọgbà mẹkáníìkì láti lọ tún ọ̀rọ̀ mi sọ níbi tí mo ti bà á jẹ́. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn tó gbọ́ tìjọsí ò wá síbẹ̀ mọ́. Àwọn onítakisí ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Òun nìkan jókòó sórí táyà, ó ń nu sípánà tí kò dọ̀tí.

Nítorí náà, wá fúnra rẹ. Gbé ọkọ̀ yìí lọ sọ́gbà rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ aṣọ ọ́fíìsì, ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí o dúró tì í kí gbogbo ẹni tó ń kọjá rí ọ. Èmi náà á wà níbẹ̀, màá máa sọ ti báàgì fún ẹnikẹ́ni tó bá yà, kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mú owó iṣẹ́ rẹ̀ dání, kí o fi ti oògùn orúnkún mi kún un. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì. Ẹ̀rọ inú ògiri yẹn ń bi mí ní nọ́ńbà àṣírí, èmi kì í sì í sọ àṣírí fún ẹni tí mi ò rí ojú rẹ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní títì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́, ẹnu ẹnikẹ́ni ò sì ní ba orúkọ rẹ jẹ́.

Èmi ni, ìyá àgbà rẹ.

Mẹkáníìkì náà ló ń bá mi kọ ìwé yìí, torí òun nìkan ló ráyè. Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo lójú. Nígbà tí mo dé ibi ohun tí mo pè é lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ gùn, ọwọ́ rẹ̀ ò sì pẹ́ lórí ìwé. Ohun yòówù kó kọ síbẹ̀, olè ni mo pè é.