Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ

Bàbá mi, awakọ̀ àgbà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àdúà ọdún kan yín, èmi ni Màmá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí a máa kà nípa yín. Mo jókòó tì í títí, omijé ni mo rí, n ò rí ọ̀rọ̀. Ni mo bá ní kí AI inú fóònù mi bá mi kọ ọ́. Mo sáré tẹ̀ ẹ́, n ò fi àmì kankan sí i: Baba mi fi oko sise fun ogoji odun. Bàbá, ó sọ yín di àgbẹ̀. Ó gbé ọkọ́ lé yín léjìká, ó ní iṣu yín kì í tán lábà. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbin ẹ̀fọ́ rí, tí ẹ ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó tòmátì wá sí ọjà Ṣáṣà. Mo kà á fún Màmá. “Ta wá nìyẹn jàre?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún sunkún.

Ẹ máa ń fi ọ̀rọ̀ kúkúrú mi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi a ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ẹ̀yin a ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í gbé ẹrù dé Ṣáṣà. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ó ti béèrè ta ló ni ẹrù, ta ló máa gbà á, kí lẹ ò gbọdọ̀ gbé lé e lórí. Ojú máa ń tì mí nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ ká máa bá AI sọ̀rọ̀. Kò bá wa gbélé rí. Ohun tí a bá sọ fún un ló mọ̀. Ibi tí a bá fi sílẹ̀, ohun tó bá rò ni yóò fi dí i.

Mo bá tún un tẹ̀, pẹ̀lú àmì. Mo sọ ẹni tí ẹ jẹ́, àwọn tó máa gbọ́ ọ, bó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Mo sọ ti obì tí ẹ máa ń há sẹ́nu lójú ọ̀nà, àti bí ẹ ṣe máa ń fọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pẹ́pẹ́ bí ẹ bá dé láyọ̀, bí ẹni ń kí ẹṣin. Mo ní kó má fi ohun tí n ò sọ kún un. Èyí tó kọ jọ yín. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó tún un kà.

Bàbá, inú ààbọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni ọgbẹ́ mi wà. Ọ̀sán ọjọ́ tí àyà ń dùn yín, èmi ni mo fi fóònù pe onítakisí kó wá gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Ohun tí mo sọ fún un kò ju pé Igando, ilé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Mọ́ṣáláṣí mélòó ló wà ní Igando? Ẹ jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń wo títì, òun ń yí kiri lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ẹlòmíì. Nígbà tó fi máa dé, ọwọ́ yín ti tutù. Ká ní mo sọ ọ́ ní odidi ńkọ́? Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi? Àwọn èèyàn ní àkókò yín ló tó. N ò tíì gbà wọ́n gbọ́ tán.

Odidi rẹ̀ nìyí, bí ẹ bá ń bọ̀ wá wò wá lójú àlá. Ẹ kọjá mọ́ṣáláṣí ńlá etí títì, kì í ṣe òun. Ẹ yà sọ́wọ́ òsì níbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Mọ́ṣáláṣí kékeré aláwọ̀ ewé ni tiwa. Ilé kẹta lẹ́yìn rẹ̀, géètì dúdú. Àga yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti wá mọ odidi ọ̀rọ̀ sọ.